Eegun Ẹja Nínú Orin

Ẹ gbé ẹlẹ́rìndòdò yẹn kúrò lórí tábìlì mi ná. Mi ò tíì gbà, ẹ ò lè ti máa ṣí i. Mo ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Mo ní kí ẹ sọ tẹnu yín, Bísọ́lá sọ ọ́ fún gbogbo yín, ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti kọ́ ọ sórí láti ilé wá. Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin onífèrè ìjọ wa ní Itamaga, ní Ìkòròdú níbí, fẹ́ kí n bá yín dé iwájú ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, kí n sọ pé Túndé tó ń darí orin yín kò yẹ mọ́, kí wọ́n gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní èmi ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́, èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn tó fun fèrè rí, wọ́n á gbọ́ tèmi. Òótọ́ ni, wọ́n á gbọ́ tèmi. Ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Tiyín yàtọ̀. Odindi ni mo ń sọ fún yín lọ́jọ́ ìkórè èṣí, nígbà tó dénú yín ó di àbọ̀, ẹ sì gbé àbọ̀ náà lọ, ẹ lọ dán an wò lára ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ wá jókòó síwájú mi, ẹ ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa pé olùdarí tí kò bá rí eegun kì í ṣe olùdarí." Mo sọ ọ́. Mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ibi tí mo bá a dé nìyẹn, àbí ibi tí ẹ ti dìde nígbà tí wọ́n ní ìrẹsì ti jinná?

Ẹ pa fóònù yẹn. Màá tún un sọ láti ìdí rẹ̀, ẹ ò sì ní dìde lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ fèrè. Ilé ẹ̀kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa kò jìnnà sí ọ̀sà, etí omi la sì ti máa ń dánra wò, torí pé àwọn ará àdúgbò ti lé wa kúrò nítòsí ilé wọn. Etí omi náà ò rọgbọ. Àwọn apẹja á máa pariwo látinú ọkọ̀ wọn pé a ti lé gbogbo ẹja lọ. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Ìlàjẹ kan báyìí tó síngbọnlẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ kan tòun ti àjẹ̀ lọ́wọ́, àwa sì rò pé ó fẹ́ fi nà wá ni. Ó jókòó sórí ọkọ̀ tó dojú dé, ó gbọ́ orin wa tán, ó ní ìlù ńlá yín ò dúró sójú kan. Ló bá gba igi ìlù lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Bó ṣe di ọ̀kan nínú wa nìyẹn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú la fi ń fọ fèrè, títí yóò fi máa kọ mànà lójú oòrùn. Mo ń wo tìrẹ yẹn, Bísọ́lá, ó ti fẹ́ hu ewé. Irú rẹ̀ gan-an lèmi náà ń fun, èyí gígùn tí wọ́n ń fà jáde tí wọ́n ń fà wọlé. Àdín àgbọn la fi ń pa á lára kó lè máa yọ̀. Mo rántí ìgbà kan tí a wọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, ẹnì kan ní kí n fun nǹkan díẹ̀ kí ọ̀nà lè yá, mo fà á jáde, àdín ti pọ̀ jù lára rẹ̀, ìdajì rẹ̀ bọ́ sínú ọ̀sà. Mi ò tíì pariwo tán tí ọmọ Ìlàjẹ yẹn fi bẹ́ sómi lọ gbé e. Odidi ọdún kan ni wọ́n fi ń bi mí bóyá ẹja ti kọ́ orin náà.

Lẹ́yìn ìdánrawò, a ó jẹun pọ̀. Ìkọ́kọrẹ́ ni, ẹja yíyan láti ọjà Olúwo ni, inú abọ́ ńlá kan ni. Olùdarí ló máa ń bu tirẹ̀ kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó ṣòfin ẹ̀, ó kàn rí bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ nawọ́ sí abọ́ nínú wọn, a ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Tiyín nísinsìnyí, kálukú ń gba tirẹ̀ nínú ike, ó ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, ẹ ò mọ ohun tí olùdarí yín jẹ, ẹ ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó jẹun.

Ẹ rò pé olùdarí ló ń wo onífèrè. Onífèrè ló ń wo olùdarí, ó sì ti wò ó tán kó tó gbọ́wọ́ sókè. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, ojú la fi máa ń bára wa sọ̀rọ̀ pé eléyìí ò mọ nǹkan kan. Ẹni tó bá já ọwọ́ lulẹ̀ láì mí sínú, a kì í fẹ́ràn rẹ̀ láéláé, nítorí èémí la fi ń ṣiṣẹ́; bí kò bá bá ọ mí, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ìgbà tí wàá fun ún? A ní ọ̀kan tó ń ju ọwọ́ bí ẹni tó ń lé eṣinṣin lórí ẹja. Léeṣinṣin la sọ ọ́. Àwọn ọmọ iléèwé gbọ́, àwọn ẹlẹ́ja náà gbọ́, kò lè gba inú ọjà kọjá mọ́, ló bá ní kí wọ́n gbé òun lọ síbòmíì. Òmíràn mọ orin dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń rò, bóyá àwọn obìnrin ìjọ ń rí bí kóòtù rẹ̀ ṣe bá a mu. Tí a bá dé ibi tó le, ojú rẹ̀ á ti lọ sápá kan. A ò bá a jà. Ó ń ju tirẹ̀, a ń fun tiwa, a ṣáà jọ ń parí lọ́jọ́ kan náà.

Àmọ́ ìdánwò gidi ni eegun. Ìlú ẹja ni Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹja jẹ, ó lè máa sọ̀rọ̀, ó lè máa rẹ́rìn-ín, ahọ́n rẹ̀ á ti rí eegun kó tó gbé òkèlè mì. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń dán olùdarí tuntun wò. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó bá dé, a ó ti fẹnu kò sí ẹnì kan tí yóò fi ohùn òdì kékeré kan sínú orin, níbi tí gbogbo fèrè ti ń dún pọ̀. Ohùn òdì yẹn là ń pè ní eegun. Bí olùdarí bá rí i, tó sì mọ ẹnu ẹni tó ti jáde, ó ti di tiwa, ẹni tó fi eegun sí i ni yóò sì ru irin ìwé rẹ̀ délé lọ́jọ́ náà. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé orin máa ń wà lórí rẹ̀ níwájú olùdarí ni mò ń wí. Bí kò bá rí i, a ó kí i dáadáa, a ó bá a jẹun, kò sì ní pẹ́ kó tó lọ.

Òfin wà níbẹ̀ o, mo sì sọ ọ́ fún yín, àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n búra. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Inú ìdánrawò nìkan. A kì í ṣe é létí omi pàápàá. Inú kíláàsì la máa ń wọ̀, tí a ó ti ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ sí àlejò kankan níbẹ̀.

Ọ̀gá Adébánjọ wá dé. Tíṣà ni, ọmọ Ìkòròdú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí iléèwé wa ni. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í gbé ohùn sókè, bí ẹni tó wà nínú yàrá aláìsàn ló ṣe ń sọ̀rọ̀. A wò ó, a ní eléyìí, eegun kékeré ló máa há a lọ́nà ọ̀fun. Mùráínà la yàn. Ọmọ Ìmàlé ni Mùráínà, bàbá rẹ̀ ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fun fèrè kékeré bíi tirẹ̀ nínú gbogbo Ẹ̀pẹ́. Tó bá fun fún wa tán láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó tún bá a níwájú àwọn ọ̀dọ́ lásìkò Káyọ̀káyọ̀, ọdún àwọn Ìmàlé Ẹ̀pẹ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló ń wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lóde òní, ẹ ó ti ṣèpàdé lé e lórí.

Orin ń lọ, Mùráínà fi eegun sí i, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, àwa gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Ọwọ́ ọ̀tún Ọ̀gá ò dúró. Ọwọ́ òsì ló gbé díẹ̀, ó na ọmọ ìka tó kéré jù sí Mùráínà tààrà, ó sì ká a padà. Nígbà tí orin parí, ó ń kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní, "Ẹni tó ni eegun yẹn, kó wá gbé irin. Mò ń relé." Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó sọ fún un. Mùráínà dìde, ó gbé irin lé èjìká, gbogbo wa sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé wọn títí dé ìloro ilé Ọ̀gá.

Àbọ̀ tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìrẹsì ti jinná. Ẹ wá gbọ́ èyí tó kù.

Ìkórè kan dé, ìjọ kan ní Ìkòròdú ní kí àwa onífèrè Ẹ̀pẹ́ wá bá àwọn ṣe é. Ìlú Ọ̀gá ni. Àwọn tó bá a kàwé wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà lórí ìjókòó iwájú, ó wé gèlè tó ga, ó sì ń sọ fún ẹni tó bá jókòó tì í pé ọmọ òun nìyẹn. Orin tí a mú lọ ní ibì kan tí gbogbo wa yóò ti dákẹ́ pátápátá, kí a tó jọ wọlé pọ̀. Ibẹ̀ ni ẹwà orin náà wà. A débẹ̀, a dákẹ́. Mùráínà ò dákẹ́. Kì í ṣe eegun o, àṣìṣe gidi ni, ó ka ìdákẹ́ náà kù. Fèrè rẹ̀ ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì bí àkùkọ tó kọ lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà ń wo ara wọn.

Gbogbo wa ló ń wo Ọ̀gá. Ọmọ ìka yẹn ti yọ, a rí i, ó ti fẹ́ na Mùráínà. Ó ká a padà kíá. Ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. A ó tún un bẹ̀rẹ̀." Iwájú ìyá rẹ̀ ló ti sọ ọ́. Mo rí màmá náà, ó tẹrí ba, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. A tún orin náà bẹ̀rẹ̀, mi ò sì rò pé a fun ún dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí, nítorí inú ń bí wa sí ara wa, ojú sì ń tì wá.

A ò tíì padà dé Ẹ̀pẹ́ tí ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ní Ọ̀gá ti dójú tì wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ṣé ẹ ń gbọ́? Ọ̀rọ̀ tí Bísọ́lá sọ níbí lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n sọ nígbà náà. Ọ̀gá ò gbèjà ara rẹ̀. Àwa la lọ. A kó fèrè wa lọ síwájú wọn, a tò wọ́n sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan, ọmọ Ìlàjẹ gbé ìlù ńlá kalẹ̀ sáàárín ilé. Mùráínà, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, sọ pé, "Èmi ni mo ṣe é. Tó bá lọ, fèrè náà lọ." Àwọn àgbà wo tábìlì, wọ́n wo ara wọn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé irin ìwé Ọ̀gá mọ́ àfi Mùráínà. Kò sẹ́ni tó rán an. Nígbà tí Ọ̀gá kú, tí a ń sin ín ní Ìkòròdú, Mùráínà gbé irin náà tẹ̀ lé pósí, irun orí rẹ̀ ti funfun nígbà náà. Ẹnì kan bi í pé kí ló ń gbé irin kiri ibi òkú fún. Ó gbé e sí èjìká kejì, ó ń bá pósí lọ.

Bí a ṣe ń mọ olùdarí nìyẹn. Kó rí eegun wa nídìí ààrò, kó sì gbé e mì níwájú àlejò. Méjèèjì ni, ẹ ò lè mú ọ̀kan kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀.

Ó wá kan ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá. Àjọ̀dún ìjọ, àlejò kún ilé, àwọn kan ti Ẹ̀pẹ́ wá. Ẹ jókòó pẹ̀lú fóònù ńlá pẹlẹbẹ níwájú yín, nǹkan kékeré dúdú wà létí yín tó ń ka orin fún yín, kò, kò, kò, bí aago ara ògiri. Ẹ fi eegun sí i. Kì í ṣe ọjọ́ àkọ́kọ́ Túndé, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ yín. Kì í ṣe ìdánrawò. Ilẹ̀kùn ò tì. Ibi tí ohùn ti rẹlẹ̀ jù lọ lẹ fi í sí, tí ìyá arúgbó tó sùn fi ta jí. Túndé dá orin dúró, ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ má bínú, àṣìṣe mi ni." Ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ jókòó níbẹ̀. Nítorí iṣẹ́ orin yìí ló ṣe kó wọn kúrò ní Ọ̀ṣun, tó wá háyà yàrá síbí. Ẹ wá ń sọ fún mi pé ó ti jẹ́wọ́.

Bísọ́lá ní, "Bàbá, kò tiẹ̀ wo ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò mọ ẹni tó ṣe é." Mo gbọ́ yín. Ta ló ń wò ó nínú yín? Ẹ dá mi lóhùn. Ojú ta ló wà lára rẹ̀? Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù tí ẹ máa ń fi àwa arúgbó sí, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó gbé e. Ó nà án sórí àga kan tààrà, kò yẹ̀ sọ́tùn-ún, kò yẹ̀ sósì. Ó sì ká a padà kó tó yíjú. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ wà níwájú yín, ẹ̀ ń wo gíláàsì.

Ó wá kí mi lọ́jọ́ Ajé. Ó gbé irin ìwé rẹ̀ lé èjìká, ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ ti yẹ̀, ó ní bóyá mo mọ wẹ́dà kan tó lè bá òun jó o pọ̀. Mo bi í pé ta ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ni." Mo tún bi í. Ó bi mí bí ara mi ṣe le sí. Ó gbé irin rẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ.

Èmi náà mọ ẹni náà. Ibi tí ọwọ́ yẹn nà sí, mo rí i, mi ò sì ní láti rí i, mo ti fun fèrè pẹ́ ju bí mo ṣe ti ń jẹun láìléyín lọ. Ẹni náà wà nínú ilé yìí. Mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó há lọ́fun ti gbé e mì, ta lèmi láti wá pọ̀ ọ́?

Ẹ ní Sátidé. Màá bá yín lọ. Fèrè mi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti dípẹtà, òun ni màá kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ tẹ̀ lé e, kó gbé e wá. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó jókòó sílé.

Ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan dà?

Ta ló sọ̀rọ̀? Gbé ohùn sókè, etí mi ti ń di.

"Bàbá, ibo ni Bùrọ̀dá Túndé ń gbé?"

Ẹ̀yin yòókù, ẹ yéé wò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀. Ẹ ṣí ẹlẹ́rìndòdò yẹn, kẹ́ ẹ bu díẹ̀ fún mi.

Kò jìnnà, Bísọ́lá. Tí o bá ti kọjá ilé epo, ilé aláwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ òsì ni, yàrá ẹ̀yìn. Tí ìdánrawò bá parí lọ́la, má jẹ̀ẹ́ kí Túndé fọwọ́ kan irin náà. Wẹ́dà ò tíì bá a ṣe ẹsẹ̀ tó yẹ̀ yẹn, fi ọwọ́ kan dì í mú bó o ṣe ń lọ.